Sítíárìn Camry mi ń gbọ̀n tí mo bá tẹ bíréèkì: dísìkì àti páàdì wo ni kí n rà?

Olùkọ́ Gáà Àkàǹbí

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ bíréèkì ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí ẹ tètè dá mi lóhùn, torí owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún un, bí mi ò bá tètè ná an síbi tó yẹ, nǹkan mìíràn á gbé e lọ.

Camry 2003 ni ọkọ̀ mi, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, ẹ́ńjìnì 2.4, gíà ọ̀tòmátíìkì. Gáà Àkàǹbí ni mò ń gbé, iléèwé girama tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sì wà ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń gba Gánmọ̀ àti Ìdọ̀fìàn kọjá láàárọ̀, ma tún gbà á padà wálé ní ìrọ̀lẹ́. Èmi nìkan kọ́ ló máa ń wà nínú ọkọ̀. Àwọn ọmọ mi wà lẹ́yìn, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan wà níwájú, bó bá sì di ọjọ́ ọjà, iṣu àti ẹ̀lùbọ́ á kún búùtù.

Ohun tó ń ṣe é rèé. Bí mo bá wà lórí eré bíi 80 kìlómítà ní wákàtí kan, tí mo wá tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lọ́wọ́ mi, pẹ́dà náà á sì máa ta ẹsẹ̀ mi lábẹ́. Bí mi ò bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á máa lọ geere. Nínú ìlú, níbi tí kò ti sí eré, kò hàn rárá. Láìpẹ́ yìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú tún bẹ̀rẹ̀ sí ké wíì-wíì bí ọkọ̀ bá ń lọ. Tí mo bá tẹ bíréèkì, igbe náà á dákẹ́.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni wọ́n ti gbà mí, kò sì sí èyí tó bá èkejì mu. Mẹkáníìkì àdúgbò ní kí n gbé dísìkì, irin pẹrẹsẹ tó ń yí pẹ̀lú táyà, lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ léèdì kí wọ́n fá ojú rẹ̀ kó tẹ́jú, kí n wá ra páàdì èyíkéyìí, èyí tó ń fún dísìkì mọ́ kí ọkọ̀ lè dúró, lé e. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Táíwò ní kí n má da ara mi láàmú, òun ní dísìkì àti páàdì tòkunbọ̀ láti Bẹ́ljíọ̀mù, orí ọkọ̀ ni wọ́n ti tú u wá. Àbúrò ọkọ mi tó wà l'Ékòó ní dísìkì oníhò tí wọ́n tún fá ilà sí lára ni kí n rà, ó ní òun ló ń tètè tutù. Owó dísìkì oníhò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó tòkunbọ̀.

Mi ò wá nǹkan ẹ̀ṣọ́ o. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ọkọ̀ dúró nígbà tí mo bá ní kó dúró, bí ọlọ́kadà bá já wọ títì ní Gánmọ̀, tàbí bí màlúù bá ń sọdá lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dájú, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ó tọ́ fún ọkọ̀ tí à ń gùn lójoojúmọ́ lórí irú ọ̀nà yìí?

Onítakisí Sángo

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Takisí ni mò ń wà, Sángo sí Póòsì Ọ́fíìsì, ìgbà míì mo máa ń gbé èrò dé Ọ̀fà. Ní tèmi, dísìkì tòkunbọ̀ ni kí ẹ rà. Ọ̀pọ̀ dísìkì tuntun tí wọ́n ń gbé jáde nínú páálí báyìí fúyẹ́ lọ́wọ́, kì í pẹ́ tó fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Tòkunbọ̀ tó bá ṣì nípọn, àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ni wọ́n ṣe é, irin rẹ̀ wúwo, ó sì ń gba ìyà. Orí rẹ̀ ni èmi wà.

Ṣùgbọ́n páàdì tòkunbọ̀, ẹ má dán an wò. Tuntun ni kí ẹ rà. Èyí tí irin wà nínú rẹ̀ ni èmi ń lò, torí ọkọ̀ mi kì í ṣófo, mo sì ń tẹ bíréèkì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó máa ń dọ̀tí ríìmù, ó sì máa ń ké díẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú.

Mẹkáníìkì Ọ̀fà Gáréèjì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí olùkọ́. Bíréèkì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìkan ni mò ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò kì í tú ẹ́ńjìnì. Ohun tó jẹ́ kí n dáhùn ni pé gbogbo àwọn tó gbà yín nímọ̀ràn ló ti sọ ohun tí ẹ máa rà, kò wá sí ẹnì kan nínú wọn tó ní kí ẹ kọ́kọ́ wọn èyí tó wà lára ọkọ̀. Ìwọ̀n ló sì máa sọ ohun tí ẹ máa rà.

Lára dísìkì, yálà ní etí rẹ̀ tàbí lára ibi tó yọ bíi fìlà láàárín rẹ̀, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin náà, MIN TH ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Dísìkì iwájú Camry yín, 28 mm ni nípọn rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun. Bó bá ti di 26 mm, ó ti tó gẹ́ẹ́, kó kúrò lórí ọkọ̀. 2 mm péré ló wà láàárín tuntun àti àlòpatì. Ìdí rẹ̀ ni pé irin dísìkì ló ń gba gbogbo ooru tí bíréèkì ń mú jáde. Bí irin bá ti tín-ínrín, ooru náà ò ríbi gbà mọ́, dísìkì á gbóná kọjá ààlà, ó sì lè sán. Písítìnì, irin tó ń ti páàdì nínú kálípà tó gbá dísìkì mú, náà á tún máa yọ síta ju bó ṣe yẹ lọ kó tó lè ti páàdì débẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní dísìkì ti tẹ̀ tí sítíárìn bá ń gbọ̀n. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò tẹ̀. Ńṣe ni kò nípọn dọ́gba yíká mọ́. Ibì kan ga ju ibòmíì lọ ní ìwọ̀n tí ojú ò lè rí. Bí ibi tó ga bá ń kọjá láàárín páàdì méjèèjì, á tì wọ́n sẹ́yìn, òróró bíréèkì á sún padà, ẹ ó sì gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí táyà ṣe ń yí ló ṣe máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, òun ni gbígbọ̀n tí ẹ ń rí lórí eré.

Kí ló wá ń fa kó má dọ́gba? Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kà, torí bí ẹ ò bá tún un ṣe, ẹ lè ra dísìkì tó wọ́n jù l'Áfíríkà, á tún gbọ̀n. Àkọ́kọ́ ni ojú họ́ọ̀bù, irin tí dísìkì jókòó lé lórí. Òjò àti eruku ọ̀nà wa máa ń jẹ́ kó dípẹtà. Bí wọ́n bá gbé dísìkì tuntun lé orí ìpẹtà, kò ní jókòó dọ́gba, á máa yí gbọlọ-gbọlọ díẹ̀. Toyota ò fẹ́ kó yẹ̀ ju 0.05 mm lọ, èyí tó kéré ju ìnípọn bébà lọ. Bó bá ti ń yẹ̀, páàdì á máa fẹnu kan ojú kan náà ní gbogbo ìgbà tó bá yí, títí ibẹ̀ fi máa jẹ ju ìyókù lọ. Nítorí náà búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà ni kí wọ́n fi ha ojú họ́ọ̀bù náà títí irin á fi funfun, kí wọ́n tó gbé dísìkì lé e.

Nọ́ọ̀tì táyà náà ń dá kún un. Àwọn ọmọ fọ́kánásà wa, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dúró lórí sípánà láti dì í, ọ̀kan á le gan-an, èkejì á dẹ̀. Bẹ́ẹ̀, 103 N·m, ìwọ̀n agbára tí a fi ń dì nọ́ọ̀tì, ni Toyota sọ fún ọkọ̀ yín, a kì í sì í dì wọ́n tẹ̀léra: ẹ dì ọ̀kan, ẹ lọ sí èyí tó kọjú sí i.

Lẹ́yìn náà ni píìnì kálípà. Kálípà Camry máa ń rìn sọ́tùn-ún sósì lórí píìnì méjì. Ẹ̀gbẹ́ inú nìkan ni písítìnì wà. Bó bá ti páàdì inú, kálípà fúnra rẹ̀ ló máa fa páàdì ìta mọ́ra. Bí píìnì bá ti há, páàdì inú nìkan ló ń ṣiṣẹ́, á jẹ tán nígbà tí ti ìta ṣì sanra. Igbe tí ẹ ń gbọ́ ní ọ̀tún jẹ́ kí n fura sí i. Ahọ́n irin kékeré kan wà lára páàdì tí wọ́n dìídì fi síbẹ̀ kó máa ha dísìkì bí páàdì bá ti kù díẹ̀. Ó máa ń ké bí ọkọ̀ bá ń lọ, kó sì dákẹ́ bí ẹ bá tẹ bíréèkì, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, kí ẹ fi fẹ́níà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn nípọn, wọn dísìkì. Ẹ ṣọ́ra fún etí rẹ̀: etí dísìkì tó ti pẹ́ máa ń yọ gèǹgè níbi tí páàdì kì í dé, bí ẹnu fẹ́níà bá sinmi lórí rẹ̀, á purọ́ fún yín. Ẹ ti ẹnu fẹ́níà wọ inú kọjá ibẹ̀. Kí ẹ wo páàdì inú àti ti ìta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ fa píìnì kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ń rìn. Ẹ kọ nọ́ńbà náà síbí.

Ní ti dísìkì oníhò: ọkọ̀ tí ń sáré ìdíje ni wọ́n kọ́kọ́ ń lu ihò sí lára dísìkì rẹ̀, nígbà tí páàdì àtijọ́ máa ń tú afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde bó bá ń jó. Páàdì òde òní ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ihò dín irin kù, etí ihò sì ni sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí dísìkì tí kò dára. Ẹ má náwó sí i.

Olùkọ́ Gáà Àkàǹbí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti lọ. Ọmọ iléèwé mi àtijọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ló bá mi tú u, mo dúró tì í, èmi fúnra mi ni mo sì ń ka fẹ́níà.

Ó hàn kedere lára dísìkì náà, MIN TH 26 mm. Dísìkì òsì jẹ́ 26.4. Ti ọ̀tún, 25.5. Páàdì òsì, inú àti ìta, jẹ́ 6 mm. Ti ọ̀tún, èyí tó wà ní ìta jẹ́ 6 mm, ṣùgbọ́n ti inú kò tó 2 mm, ahọ́n irin tí ẹ sọ yẹn sì ti fọwọ́ kan dísìkì. Píìnì ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún kò mira rárá, òòlù ló fi lù ú kó tó jáde, ó ti dípẹtà, rọ́bà tó bò ó sì ti ya.

Ṣé wọ́n ṣì lè fá ti òsì, kí n wá ra ọ̀kan ṣoṣo fún ọ̀tún? Irú páàdì wo ni kí n sì béèrè ní Táíwò? Gbogbo páálí ló jọra lójú mi.

Mẹkáníìkì Ọ̀fà Gáréèjì

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ìwọ̀n yẹn ti yanjú ọ̀pọ̀ nǹkan.

Ti ọ̀tún ti kọjá àlà, fífá kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ti òsì ku 0.4 mm kó dé àlà. Bí oní-léèdì bá fá ojú méjèèjì kó lè tẹ́jú, ohun tó máa kù lè má tó 26, ẹ ó wá sanwó fún dísìkì tí kò ní pẹ́ jẹ tán. Dísìkì tó ṣì sanra ni fífá wà fún. Ẹ má sì ra ọ̀kan ṣoṣo, torí bí ọ̀tún bá ń mú ju òsì lọ, ọkọ̀ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì. Méjì-méjì là ń pààrọ̀ dísìkì, páàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin iwájú náà sì gbọ́dọ̀ jáde pọ̀.

Àbúrò wa onítakisí sọ òótọ́ kan tí mi ò ní jẹ́ kó kọjá. Dísìkì tuntun tó fúyẹ́ pọ̀ lọ́jà. Dísìkì iwájú yín ní ojú méjì, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín wọn tí atẹ́gùn ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ fi irin pamọ́ á jẹ́ kí ojú méjèèjì tín-ínrín, á fẹ àárín wọn, síbẹ̀ fẹ́níà á ka 28 mm. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ gbé e lọ́wọ́. Ẹ ní kí ó gbé oríṣi méjì tàbí mẹ́ta ti Camry yín jáde, kí ẹ gbé wọn níkọ̀ọ̀kan, ẹ wo etí wọn láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tó wúwo, tí ojú méjèèjì sì nípọn bákan náà, lẹ́ẹ fẹ́. Bí wọ́n bá fi ọ̀dà eléérú kun fìlà àti etí rẹ̀, ó dáa fún òjò wa. Èyí tó bá wà lójú ibi tí páàdì ń gbà, páàdì á nù ún kúrò fúnra rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ ọ́ìlì ni wọ́n fi pa á, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ kí ó tó gorí ọkọ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Bí dísìkì tòkunbọ̀ bá wà ní 27.5 mm sókè ní méjèèjì, tí kò sán, tí ojú rẹ̀ kò ní ihò ìpẹtà, mi ò ní lé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ẹ rí méjì tó dọ́gba, ìpààrọ̀ sì lè sún mọ́lé. Fún ọkọ̀ tó ń kó ọmọ lọ Àjàṣẹ́ lójoojúmọ́, tuntun tó wúwo ni mo máa fi síbẹ̀. Páàdì tòkunbọ̀ ni mi ò gbà rárá, àbúrò wa náà sì ti sọ ọ́. A ò mọ̀ bóyá òróró ti dà sí i lára rí, tàbí ooru ti jó o, ojú rẹ̀ sì ti bá dísìkì ẹlòmíì mu.

Ọ̀rọ̀ páàdì wá kù. Lórí páálí, ceramic tàbí semi-metallic ni ẹ máa rí jù, ohun tí wọ́n fi ṣe páàdì ló ń sọ. Semi-metallic ni èyí tí irin pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń fara da ooru, ó wúlò fún ẹni tó ń gbé ẹrù tàbí tó ń tẹ bíréèkì láìsinmi bíi takisí, ṣùgbọ́n ó ń pariwo, ó ń tu eruku dúdú, ó sì ń jẹ dísìkì díẹ̀ ju èkejì lọ. Ceramic máa ń dákẹ́, eruku rẹ̀ kéré, dísìkì sì máa ń pẹ́ sí i lábẹ́ rẹ̀. Fún ìrìn yín, ceramic láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ni mo fara mọ́, irú bíi Akebono, Advics tàbí Bosch, bí ẹ bá rí ojúlówó. Páàdì olówó pọ́ọ́kú tí wọn ò kọ ohun kan sí lára, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ máà jẹ́ kí páálí nìkan dá yín lójú, àwọn ayédèrú náà mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ páálí. Ẹ ní kó ṣí i. Lẹ́yìn páàdì tàbí ní etí rẹ̀, ẹ wá lẹ́tà méjì bíi FF tàbí GF. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń mú nígbà tí kò gbóná púpọ̀, èkejì ń sọ bó ṣe ń mú nígbà tó bá gbóná gan-an. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń wọn bí páàdì ṣe ń di dísìkì mú: E wà láàárín 0.25 sí 0.35, F wà láàárín 0.35 sí 0.45, G ló ga jù wọ́n lọ, láti 0.45 sí 0.55. Bí ó bá jẹ́ FE, ó ń fi yé yín pé bó bá ti gbóná, agbára rẹ̀ á dín kù. FF ni kí ẹ béèrè. Kì í ṣe pé lẹ́tà yẹn ń sọ pé ó máa pẹ́ o, bó ṣe ń mú nìkan ló ń sọ. Bí ẹ bá tún rí E nínú òbìrí pẹ̀lú nọ́ńbà, tí 90R wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn túmọ̀ sí pé wọ́n ti dán an wò ní ìlànà Yúróòpù. Ẹ wò ó bóyá irin ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, tí kò dípẹtà, tí ojú páàdì kò sán, tí ahọ́n irin sì wà lára rẹ̀.

Ẹ sọ fún ọmọ tó ń bá yín ṣe é pé kó má fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ atẹ́gùn fẹ́ eruku bíréèkì kúrò. Páàdì àtijọ́ mìíràn ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àkísà tó tutù ni kó fi nù ún.

Píìnì tó há yẹn, ẹ ra tuntun pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀, kò wọ́n. Gírísì sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe fún bíréèkì ni kó fi sí i. Gírísì tí wọ́n fi ń pa bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì máa ń mú kí rọ́bà wú, á tún há kí ọdún tó yí po. Bí písítìnì kálípà ọ̀tún kò bá wọlé jẹ́jẹ́ nígbà tó bá ń tì í padà, ó gbọ́dọ̀ tú u kó wo rọ́bà inú rẹ̀. Kó má sì jẹ́ kí kálípà rọ̀ sórí ọ́ọ̀sì, rọ́bà tí òróró bíréèkì ń gbà. Kó fi wáyà so ó kọ́.

Ọmọ Òmù-Àrán

Ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀nà Òkè-Òpin àti Odò-Ọwá ni mo máa ń gbà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún ti Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, torí kò tíì mẹ́nu kan òróró bíréèkì.

Àǹtí, bí wọ́n bá ti tú ẹsẹ̀ iwájú, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa òróró bíréèkì àtijọ́ jáde, kí wọ́n rọ tuntun. Òróró yẹn máa ń fa omi láti inú atẹ́gùn. DOT 3, oríṣi òróró bíréèkì kan, bó bá wà ní tuntun, gbọ́dọ̀ gbóná dé 205°C ó kéré tán kó tó hó. Bó bá ti fa omi tó ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán an wò, 140°C péré lè tó fún un láti hó. DOT 4 lágbára díẹ̀ sí i, 230 nígbà tó bá wà ní tuntun, 155 nígbà tó bá ti fa omi. Bó bá hó, oru á hù nínú páìpù, ẹ ó tẹ pẹ́dà, pẹ́dà á wọlé dé ilẹ̀, ọkọ̀ ò ní dúró. Bí páàdì bá dára tó, kò lè gbà yín níbẹ̀. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ní kí á máa pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ níbí kò sì tíì rí tuntun láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọ̀lú.

Ẹ má gbà fún ẹni tó bá fẹ́ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tàbí ọ́ìlì sítíárìn kún un nítorí pé DOT tán nílé. Gbogbo rọ́bà inú bíréèkì ni yóò wú. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da DOT 5 pọ̀ mọ́ ọn, irú mìíràn pátápátá nìyẹn.

Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ níbi tó gùn, ẹ fa gíà sí 2, kí ẹ́ńjìnì bá yín dá ọkọ̀ dúró díẹ̀. Kí ẹ má máa gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Olùkọ́ Gáà Àkàǹbí

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì, pẹ̀lú bọ̀ọ̀dá onítakisí. Mo ti ra dísìkì méjì tó wúwo. Mo gbé mẹ́ta wò kí n tó mú èyí, ọ̀kan nínú wọn fúyẹ́ gan-an, àmọ́ nípọn tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ìyókù. Páàdì ceramic tó ní FF ni mo mú. Píìnì, rọ́bà, gírísì sílíkọ́ọ̀nù àti DOT 4 náà ti wà nílẹ̀. Owó ẹ̀yìn ni kò tó mọ́. Dúrọ́ọ̀mù, bíréèkì oníkòkò, ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi, kì í ṣe dísìkì. Ṣé ó lè dúró di oṣù tó ń bọ̀? Kí ni kí n sì ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é tán? Mo gbọ́ pé páàdì tuntun kì í mú lọ́jọ́ kìíní.

Mẹkáníìkì Ọ̀fà Gáréèjì

Àǹtí, ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run á pèsè òmíràn. Iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nígbà tí ọkọ̀ bá ń dúró, torí ìwúwo ọkọ̀ máa ń sún síwájú. Ẹ̀yìn lè dúró bí kò bá sí ohun tó ń jò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọ yẹn ṣí dúrọ́ọ̀mù méjèèjì wò nígbà tí jáàkì ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀. Bó bá rí òróró tó tutù nínú rẹ̀, sìlíńdà ibẹ̀ ti ń jò nìyẹn, kò gbọ́dọ̀ dúró di oṣù tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ pé líníìnì, ohun tó ń ṣe bíi páàdì nínú dúrọ́ọ̀mù, kàn ń jẹ ni, ó ṣì lè dúró.

Kí ó tó ti písítìnì padà, kó ṣí ìdérí òróró bíréèkì lókè, kó fa díẹ̀ jáde bó bá kún. Òróró yẹn máa ń bó ọ̀dà ọkọ̀. Bó bá ta sí i, omi ni kí ẹ yára dà sí i.

Bí wọ́n bá ti dè é tán, kí ẹ tó mú ọkọ̀ kúrò lójú kan, ẹ tẹ pẹ́dà léraléra títí tó fi máa le lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Písítìnì tí wọ́n tì padà ṣì jìnnà sí páàdì. Bí ẹ bá wa ọkọ̀ láìṣe èyí, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní mú nǹkan kan. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti òkè lọ.

Òótọ́ ni pé páàdì tuntun kì í mú dáadáa, àfi tí ó bá ti bá dísìkì mọra. Ẹ wá àárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú, kí ẹ jáde sí ọ̀nà Ìdọ̀fìàn nígbà tí ọkọ̀ ò tíì pọ̀, kí ẹ má kó ọmọ dání. Ẹ sáré dé 60, ẹ tẹ bíréèkì gírígírí títí eré á fi wá sí bíi 10, ẹ má dúró pátápátá, kí ẹ tún sáré padà sí 60. Ẹ ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí mẹ́wàá. Ẹ lè gbọ́ òórùn, kò burú. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wà á lọ díẹ̀ láìfi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì kó lè tutù. Nígbà tó ṣì gbóná yẹn, ẹ má dúró kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pa. Páàdì á lẹ̀ mọ́ ojú kan lára dísìkì, gbígbọ̀n tí ẹ ń sá fún á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Mo ní sípánà tó ń ka ìwọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yà lọ́dọ̀ mi bí ẹ bá ń darí bọ̀ láti Àjàṣẹ́, ma bá yín dì nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí 103, ma sì fọwọ́ kan ríìmù ọ̀tún àti òsì wò bóyá ooru wọn dọ́gba. Bí ọ̀tún bá gbóná ju òsì lọ, kálípà yẹn ṣì ń há, a jẹ́ pé a máa tú u.